Olóyè Bọ̀wálé Gun Òkìtì Ara Rẹ̀

Tí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán, nínú mọ́tò tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní títì pa, ẹ má kí i pé ó kú ooru o. Inú á bí i. Ìjọba ló ń ṣe.

Èyí tí a ní nínú irú wọn ni Olóyè Olúdọ̀tun Bọ̀wálé, alága fìdíhẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Àbàtà, ìlú kékeré kan láàárín Ìpẹ̀rú àti Akaka. Tí ẹ bá wá ìlú náà lórí máàpù tí ẹ ò rí i, ẹ má bá máàpù jà. Ìlú náà kéré, alága rẹ̀ ló sì gba gbogbo àyè tó wà níbẹ̀.

Fìdíhẹ ni mo pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé. Àìsàn ló lé alága tí a dìbò yàn lọ sílé, ni wọ́n bá ní kí Bọ̀wálé ṣì bá wọn jókòó sórí àga náà, títí ìjọba á fi rán ènìyàn láti Abẹ́òkúta wá wò ó bóyá kó jókòó pátápátá tàbí kó dìde fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn tí wọ́n bá ní kó fìdí hẹ, etí àga ló máa ń jókòó sí. Bọ̀wálé ní tirẹ̀ jókòó, ó fẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀, ó tún ní kí wọ́n gbé tìmùtìmù wá. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá láyé: kí wọ́n bá òun yọ "fìdíhẹ" yẹn kúrò lára oyè òun. Bí egbò ló rí lára rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì pè é, orí egbò ló tẹ̀.

Ó ní olùrànlọ́wọ́ kan tó ń jẹ́ Fábíyìí. Iṣẹ́ Fábíyìí ni láti máa rẹ́rìn-ín kí àwàdà ọ̀gá rẹ̀ tó parí. Nígbà mìíràn, a máa rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà pẹ́.

Iṣẹ́ ìdàgbàsókè àkọ́kọ́ tí Olóyè ṣe fún ìlú ni òkìtì. Ẹ tún un kà: òkìtì. Kì í ṣe omi, kì í ṣe iná. Ó ní kí wọ́n fi kọnkéré mọ bọ́ńpù kan sí ojú títì tó lọ sí Ìpẹ̀rú, ní kété tí ènìyàn bá kọjá géètì ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ó ga bí sàréè olówó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ri pátákó ńlá kan mọ́lẹ̀. Àwòrán Bọ̀wálé ló wà níbẹ̀, tó na ìka sí àwọn tó ń kọjá bí ẹni pé wọ́n jí i ní adìẹ.

"Ẹ̀yin ará Òkè-Àbàtà," ni Olóyè wí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí òkìtì náà, "ìlú wo ló gbajúmọ̀ láyé tí kò ní nǹkan tó ga? Èkó ní afárá. Ìbàdàn ní òkè. Abẹ́òkúta ní àpáta. Kí la ní, kí n tó dé?"

"Òfo ni, sà!" ni Fábíyìí ké. "Pẹrẹsẹ la wà! Pẹrẹsẹ bí àwo!"

"Láti òní lọ, ọlọ́kadà yòówù tó bá dé ibí gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, òun àti èrò rẹ̀, kí wọ́n ti ọ̀kadà wọn kọjá. Ààbò ẹ̀mí ni. Bí wọ́n bá sì ti ń tì í, kí wọ́n kí àwòrán yìí pé, 'Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Olóyè.' Ìyẹn náà, ààbò ẹ̀mí ni."

Ó gé rìbọ́nù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ewúrẹ́ kan gun orí òkìtì náà, ó sì yàgbẹ́ síbẹ̀. Ewúrẹ́ yẹn nìkan ló sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà.

Sàdíátù tó ń ta obì gbàǹja ló kọ́kọ́ bá òfin pàdé. Ó wà lẹ́yìn Àdìsá, olórí àwọn ọlọ́kadà, agbọ̀n obì tó fi ewé dì wà lórí itan rẹ̀, ọjà Ṣágámù ló ń lọ. Fábíyìí dá wọn dúró.

"Ìyá, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ kí Olóyè."

"Olóyè dà?"

"Òun nìyẹn lára pátákó."

Sàdíátù wo pátákó, ó wo Fábíyìí. "Tí mo bá kí fọ́tò, ṣé fọ́tò á dá mi lóhùn?"

"Ẹ ṣáà kí i kí ẹ máa lọ, oòrùn ń mú."

"Ó ń mú obì mi náà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Olóyè!" Ó dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí. "Àdìsá, o gbọ́? Kò jẹ́ mi. Ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé."

Báyìí ni nǹkan ṣe rí títí di oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Rẹ́mọ lè bá ènìyàn yan ẹ̀pà lójú títì. Ìgbà yẹn ni ìròyìn dé pé Arábìnrin Dámisọ́lá ni ìjọba ń rán bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Ohun tó bá rí ló máa sọ fún wọn, ohun tó bá sì sọ ni wọ́n máa fi yan alága.

Jíìpù ìjọba ìbílẹ̀ wà nílẹ̀ o. Ó ga, ẹ́síì rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n alága àná ti jókòó nínú rẹ̀, Bọ̀wálé ò sì fẹ́ jókòó síbi tí ìdí ẹlòmíràn ti gbóná. Ó ní mọ́tò sáré-sáré lòun fẹ́, irú èyí tí àwọn ọmọ olówó ń gùn nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́ tí òun ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìkẹ́nnẹ́. Ojoojúmọ́ lòun á sì máa gùn ún, kí ojú aráyé má baà kúrò lára òun.

Ó mú Fábíyìí lọ síbi tí Àlímì ti ń ta mọ́tò àlòkù lẹ́bàá oríta márosẹ̀ ní Ṣágámù. Moríyọ̀, ìyàwó rẹ̀, bá wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò pè é. Àlímì yìí ló ń ta mọ́tò, òun ló ń tún un ṣe, òun náà ló sì máa ń bá ẹni tó rà á kẹ́dùn.

"Ọlọ́lájùlọ!" Àlímì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ́ìlì. "Àwọn mọ́tò mi ti ń béèrè yín."

Mẹ́ta ló fi hàn wọ́n, arúgbó ni gbogbo wọn. Èyí àkọ́kọ́ kò ní òrùlé.

"Atẹ́gùn ọ̀fẹ́, Ọlọ́lájùlọ."

"Oòrùn ọ̀fẹ́ ńkọ́?" ni Moríyọ̀ bi í. "Ẹyẹ tó bá sì fẹ́ ṣu ńkọ́? Ẹyẹ ò mọ alága yàtọ̀."

Wọ́n sún lọ sídìí èkejì. Aláwọ̀ eérú ni. Aṣọ funfun-funfun ni wọ́n fi bo àga rẹ̀, ó sì ga díẹ̀ nílẹ̀. Àlímì ṣíná sí i, ó ń dún jẹ́ẹ́. Moríyọ̀ fi ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde, ó sì gbàgbé ọwọ́ síbẹ̀.

"Bàbá Démiládé, ẹ wá fi ọwọ́ kan èyí. Ó tutù bí inú àmù."

"N kò gbọ́ ohùn rẹ̀," ni Bọ̀wálé wí.

"Mọ́tò tó dára kì í pariwo."

"Ìyá Démi, mọ́tò tí kò pariwo, báwo laráyé á ṣe mọ̀ pé alága ń bọ̀? Ṣé kí wọ́n ṣáà déédéé rí mi ni, bí onígbèsè?"

"Bí òjò!" ni Fábíyìí wí. "Òjò náà máa ń sán àrá kó tó dé, sà!"

Ìgbà yẹn ni Àlímì ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀kẹta. Pupa ni, pupa bí ata ṣọ̀ḿbọ̀. Àga méjì péré ló ní, awọ dúdú ni wọ́n fi bò wọ́n, oòrùn sì ti se awọ náà jinná láti àárọ̀. Ó lọ sílẹ̀ débi pé adìẹ lè wo òrùlé rẹ̀. Iná iwájú rẹ̀ máa ń sápamọ́. Tí a bá tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á yọ jáde bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Àlímì ṣíná sí i. Ariwo tó bú jáde ní sàléńsà rẹ̀ lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi, ọmọ ọwọ́ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lódìkejì títì.

Bọ̀wálé pa ojú dé. Ìfẹ́ ti wọlé.

"Ẹ́síì rẹ̀ ńkọ́?" ni Moríyọ̀ bi Àlímì.

"Màmá, mọ́tò yìí kì í ṣe mọ́tò. Ìwé-ẹ̀rí ni."

"Rẹ́déètọ̀ rẹ̀ tó ń mú omi tutù ńkọ́? Ṣé kò ń jò?"

"Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe jọ ti Ọlọ́lájùlọ."

"Ojú ọ̀pọ̀lọ́ yẹn?"

"Ó tó gẹ́ẹ́!" Bọ̀wálé na ìka, bíi ti pátákó. "Èmi Bọ̀wálé, iná ni mí. Mọ́tò mi náà gbọ́dọ̀ gbóná."

Moríyọ̀ wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Àmín," ló sọ, ó sì lọ wọ ọkọ̀ èrò padà sílé, torí àga ò ṣẹ́kù.

Nígbà tí mọ́tò pupa dé ibi òkìtì, kò lè kọjá. Fábíyìí bá bẹ Àdìsá àtàwọn ọlọ́kadà yòókù: kí wọ́n ṣáà gbé ọkọ̀ kọjá, alága á dín òkìtì náà kù. Wọ́n gbà. Wọ́n gbé mọ́tò náà sókè, Olóyè jókòó sínú rẹ̀, ó ń juwọ́ sí ewéko. Ó dùn mọ́ ọn débi pé, lọ́jọ́ kejì, ó pàṣẹ kí wọ́n da kọnkéré mìíràn lé òkìtì náà. "Ìfẹ́ tí ìlú fi gbé mi sókè yẹn," ló wí, "a gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un kó dàgbà."

Lórí àfikún yẹn ni agbọ̀n Sàdíátù ti já bọ́. Obì fọ́n sínú gọ́tà, oòrùn sì pa èyí tí wọn ò tètè ṣà. Sàdíátù ò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn wo pátákó pẹ́ títí, bí ìgbà tí ìyá ń wo ọmọ tó máa nà nígbà tí àlejò bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú mọ́tò. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ẹ́síì rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́, láàárín ilé àti ọ́fíìsì péré. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àlímì. Ó wò ó, ó kẹ́dùn dáadáa, ó wá ní, "Ẹ máa tan hítà."

"Hítà kẹ̀? Nínú ooru yìí?"

"Hítà á máa fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì, á máa gbé e wá sínú ọkọ̀."

"Ta ló wà nínú ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Ọlọ́lájùlọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò lè yọ́. Ẹ́ńjìnnì lè yọ́."

Ó dà bí ìyìn létí Bọ̀wálé, ó sì gbà. Ohun tí kò gbà ni kó ṣí gíláàsì. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ní Rẹ́mọ: ẹni tó bá ṣí gíláàsì, ẹ́síì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ẹni tó bá tì í, ẹ́síì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọlọ́lá sì ni. Kàkà kí ará Òkè-Àbàtà mọ̀ pé òun ò ní ẹ́síì, Bọ̀wálé á kúkú jinná. Kó sì lè dá aráyé lójú, ó ra súwẹ́tà onírun fún Fábíyìí. Tí wọ́n bá ti dé ibi tí èrò wà, Fábíyìí á gbá ara mọ́ra, á máa gbọ̀n, á máa lu eyín pọ̀.

"Òtútù ìjọba!" ni àwọn ènìyàn ń wí, ẹnu sì ń yà wọ́n.

Ní alaalẹ́, Moríyọ̀ á gbé gààrí Ìjẹ̀bú tó ti rẹ sínú omi tútù wá fún ọkọ rẹ̀. Á wò ó bó ṣe ń mu ún láìmí. "Ẹ kú ooru o," á ní.

"Ooru wo?" Bọ̀wálé á dáhùn, omi á máa kán ní àgbọ̀n rẹ̀. "Òtútù ló ń dà mí láàmú."

Ọjọ́ pé, Arábìnrin Dámisọ́lá dé. Jíìpù tirẹ̀ gun òkìtì gbì, orí rẹ̀ sì kan òrùlé. Inú ọgbà ìjọba ìbílẹ̀ ló ti sọ̀kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa àtàrí.

"Olóyè, kí ni mo gùn wọlé yẹn?"

"Ààbò ẹ̀mí ni, mà!"

Bọ̀wálé sọ̀rọ̀ kí i káàbọ̀. N kò ní sọ ọ́ fún yín, torí mo fẹ́ràn yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó fi ara rẹ̀ wé òdòdó, ó fi wé òpó, ó fi wé afẹ́fẹ́ òwúrọ̀, àga tí wọ́n gbé àlejò kà sì wà nínú oòrùn. Nígbà tó parí, obìnrin náà ní òun fẹ́ rí ọjà obì tó wà lójú ọ̀nà Ìpẹ̀rú.

"Mọ́tò mi la máa gbé lọ, mà," ni Bọ̀wálé wí.

"Jíìpù mi wà ńbí."

"Ah! Kí àlejò mi máa gun jíìpù?"

Ẹ̀yin náà á béèrè pé, òkìtì ńkọ́? Bọ̀wálé ò rántí òkìtì. Ẹni tí wọ́n fi èjìká gbé kọjá odò, bó bá pẹ́, á gbàgbọ́ pé òun ló wẹ̀ ẹ́. Fábíyìí bọ́ sílẹ̀ kí àlejò lè wọlé, ayọ̀ ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ẹlẹ́wọ̀n tí ọba dá sílẹ̀. Súwẹ́tà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tì. Gíláàsì wà lókè. Hítà ń fẹ́.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan ẹ́síì."

"Ó wà ní títàn, mà."

"Nǹkan tó ń fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀ yìí, iná ni."

"Ẹ́síì ayé àtijọ́ ni, mà. Ó máa ń kọ́kọ́ gbóná kó tó ronú."

"Ẹ ṣí gíláàsì!"

Bọ̀wálé tẹ bọ́tìnnì. Gíláàsì tí kò tíì sọ̀kalẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ra mọ́tò náà kọ̀, kò mira. Ó tún un tẹ̀. Iná iwájú ló yọjú. Nígbà tí gèlè obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ewé gbúre tí wọ́n bu omi gbígbóná lé, Bọ̀wálé rí i pé eré ló máa gba òun. Ó tẹ iná mọ́tò. Ariwo bú. Mọ́tò pupa fò jáde ní géètì, ó gun òkìtì, ó sì dúró síbẹ̀: ikùn rẹ̀ lórí kọnkéré, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lófuurufú, bí ọ̀pọ̀lọ́ tó gun òkúta. Òkìtì yẹn ló wá fìdí hẹ sí wàyí.

Arábìnrin Dámisọ́lá já ilẹ̀kùn ṣí, ó jáde, ó ń mí bí ẹja. Bọ̀wálé dúró sínú rẹ̀. Alága kì í bọ́ sílẹ̀ lórí òkìtì.

Fábíyìí sáré dé. "Àdìsá! Ẹ̀yin ọlọ́kadà! Ẹ wá gbé Olóyè kọjá!"

Àdìsá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Sàdíátù náà wá. Wọ́n dúró.

"Gbé kẹ̀?" ni Sàdíátù wí. "Àwa tí a bẹ̀rù òfin. Ẹni tó bá dé ibí á sọ̀kalẹ̀, á ti nǹkan rẹ̀ kọjá, á sì kí fọ́tò."

"Òfin wo nìyẹn?" ni Dámisọ́lá bi í.

Sàdíátù sọ fún un, láti orí òkìtì dé orí obì inú gọ́tà. Dámisọ́lá yíjú sí mọ́tò. "Olóyè, ṣé òótọ́ ni?"

Bọ̀wálé fèsì. Ó fèsì púpọ̀, ó na ìka, ó fi ọwọ́ lu àyà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń pariwo, gíláàsì sì wà ní títì pa, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ ṣáà ń ṣí, ó ń padé, iná iwájú mọ́tò náà ń yọjú, ó ń sápamọ́.

"Ẹ ò rí i?" ni Sàdíátù wí. "Bí fọ́tò gẹ́lẹ́."

Ìgbà yẹn ni àlejò rí Fábíyìí dáadáa. "Ìwọ, kí ló dé tí o wọ súwẹ́tà nínú oòrùn yìí?"

Fábíyìí wo ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Ó wo obìnrin tó ti Abẹ́òkúta wá. Ẹ̀yin ẹ rò pé yóò pẹ́ kó tó yàn?

"Wọ́n ní kí n máa gbọ̀n ni, mà! Ẹ́síì ti kú! Hítà ló ń fẹ́! Mo ti ń jinná láti oṣù kẹta!" Ó bọ́ súwẹ́tà, ó jù ú sílẹ̀, èéfín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lára rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún mi lómi."

Ẹ̀rín tó bú níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Ìsarà. Ẹ́ńjìnnì náà bú pẹ̀lú wọn. Rẹ́déètọ̀ bẹ́, èéfín funfun bo mọ́tò. Alága ò bọ́ sílẹ̀ lórí òkìtì, ó já bọ́ ni. Agbádá rẹ̀ tutù mọ́ ọn lára bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ó dojú kọ mọ́tò, ó tì í. Kò mira.

"Ẹ ò tíì kí fọ́tò, sà," ni Àdìsá rán an létí.

Bọ̀wálé gbé ojú sókè sí pátákó. Ó wo àlejò. Màá kú kí n tó ṣe é, ni ojú rẹ̀ ń wí.

Jíìpù Dámisọ́lá ò lè jáde, torí mọ́tò pupa ti dí ọ̀nà. Obìnrin náà kúkú gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kadà Àdìsá. Bí wọ́n ṣe ń lọ, atẹ́gùn wọ inú gèlè rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. "Àdìsá," wọ́n gbọ́ tó wí, "èyí gan-an ni ẹ́síì."

Kò pẹ́ tí ìjọba fi dáhùn. Wọ́n yọ "fìdíhẹ" kúrò lára oyè Bọ̀wálé, bó ṣe fẹ́. Wọ́n yọ "alága" náà mọ́ ọn. Akápò ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi sípò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò fẹ́ràn àtiya fọ́tò. Ní ti mọ́tò pupa, Àlímì wá fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ lọ, ó kẹ́dùn títí. Wọ́n ní ó ti kun ún ní aláwọ̀ ewé báyìí, ó ń dúró de ọlọ́lájùlọ mìíràn.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí alága tuntun pa ni kí wọ́n fọ́ òkìtì. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbé òòlù nígbà tí Sàdíátù wá bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì fi í sílẹ̀ ná. Ó ku ẹnìkan tí kò tíì kí fọ́tò kọjá."

Ẹni náà lọ sí Abẹ́òkúta lọ bẹ̀bẹ̀. Wọn ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó padà dé Ìpẹ̀rú lọ́sàn-án gangan, ọ̀kadà kan ṣoṣo tó sì bá ní ìdíkọ̀ ni ti Àdìsá. Wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkìtì, Àdìsá pa ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, a ti dé o."

Bọ̀wálé sọ̀kalẹ̀. Oòrùn ti jẹ gbogbo ojú àwòrán náà tán. Fìlà ló kù, àti ìka tó nà sí ènìyàn. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí òjìji pátákó dé, Sàdíátù jókòó ti agbọ̀n obì rẹ̀. Ibẹ̀ ló tutù jù ní gbogbo títì.

Bọ̀wálé bá Àdìsá ti ọ̀kadà dé orí òkìtì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo ìka ara rẹ̀ tí wọ́n nà sí i. Oòrùn mú un lórí, kò sì sí gíláàsì tó lè tì.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Olóyè," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ tó ń tọrọ gáfárà lọ.

Sàdíátù gbé ojú sókè láti abẹ́ pátákó.

"A dúpẹ́ o," ló dáhùn. "Ẹ máa lọ."